Òkúta Tí Marjorie Fọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ ní agbede méjì. Ẹ kà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí inú yín máa ń ru tí wọ́n bá yin ẹlòmíràn lójú yín.

1.

Ní Wexcombe, ìlú kékeré kan létí òkun ní Massachusetts, kò sí ohun tó dùn mọ́ Marjorie Thaxter nínú bíi kó gbé òdòdó Ọjọ́ Atẹ̀dó, ọjọ́ tí wọ́n fi ń rántí àwọn tó tẹ ìlú náà dó. Lọ́dọọdún, ẹni tí baba ńlá rẹ̀ bá kọ́kọ́ gúnlẹ̀ síbẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń gbé òdòdó náà ṣíwájú gbogbo ìlú lọ sí itẹ́ òkú àtijọ́. Marjorie ní ọkọ̀ ojú omi kejì ni baba ńlá òun bá dé. Kò sẹ́ni tó ní ti ọkọ̀ àkọ́kọ́, ni òdòdó bá di tirẹ̀. Ó gbé e títí ó fi ń rìn bí ẹni pé òun gan-an ló wa ọkọ̀ náà.

Àfi ìgbà tí Lorna Peaslee, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré tó ń din ẹja tà ní èbúté, tọpa ìdílé tirẹ̀ dé ọ̀dọ̀ John Sprague, ẹni ọkọ̀ àkọ́kọ́, nípasẹ̀ ọmọbìnrin John tó ń jẹ́ Thankful. Ẹgbẹ́ Ọmọ Atẹ̀dó yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n gbà á. Wọ́n ní Lorna ni yóò gbé òdòdó lọ́dún náà.

2.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìlara burú. Tí wọ́n bá kí Lorna kú oríire ní ṣọ́ọ̀ṣì, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n ń bú Marjorie.

"Òdòdó á máa rùn bí ẹja díndín," ó sọ fún Elliot ọkọ rẹ̀.

"Marjorie, ọ̀rẹ́ ẹ mà ni."

"Ọ̀rẹ́ kí ni? Ta ló rán an níṣẹ́ pé kó lọ máa wá baba ńlá kiri?"

Ó gba itẹ́ òkú lọ, ó ń wá ohun tó máa fi ba ti Lorna jẹ́. Ló bá rí òkúta sàréè kékeré kan: Thankful, ọmọ John Sprague, ó kú lọ́mọ ọdún méjì. Inú rẹ̀ dùn débi tó ń dá rẹ́rìn-ín láàárín àwọn òkú.

Nígbà ìpàdé ẹgbẹ́, ó dìde. "Ẹ bá mi bi Lorna o. Ọmọ ọdún méjì wo ló ń bímọ?"

Ẹ̀rín sọ. Omi lé ròrò sójú Lorna. "Marjorie, o ò lè wá bá mi nílé kó o sọ ọ́ fún mi?"

"Ṣé o wá bá mi nílé kó o tó gba òdòdó mi?"

Bí wọ́n ṣe yọ orúkọ Lorna nìyẹn, tí wọ́n dá òdòdó padà fún Marjorie.

3.

Ó yẹ kó dákẹ́ síbẹ̀, kò dákẹ́. Ó padà lọ ya fọ́tò òkúta kékeré náà, kó lè máa fi han gbogbo ìlú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti kọsẹ̀ lára òkúta mìíràn tó ti rì sínú koríko. Ó fi ọwọ́ ha ewéédò kúrò lójú rẹ̀. Thankful, ọmọ John Sprague, ìyàwó Caleb Nye. Ọdún ìbí rẹ̀ tí wọ́n kọ sára òkúta náà fi hàn pé lẹ́yìn ikú ọmọ kékeré yẹn ni wọ́n bí i.

Ara Marjorie tutù. Nítorí ó mọ̀ ọ́n. Láyé àwọn atẹ̀dó, tí ọmọ bá kú, wọ́n sábà máa ń fi orúkọ rẹ̀ sọ èyí tí wọ́n bá bí tẹ̀lé e. Òun alára ló máa ń ṣàlàyé ẹ̀ fáwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n bá wá wo itẹ́ òkú náà. Ìlara ló bò ó lójú tó fi gbàgbé.

Ìwọ tó ò ń kà á yìí, ká ní ìwọ ni, kí lo máa ṣe? Kó padà lọ bẹ Lorna ni. Ìtìjú ọjọ́ kan péré ni.

"Kí Lorna wá máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? Láéláé!" Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀, ló bá lọ mú irin nínú mọ́tò rẹ̀. Ó hú òkúta náà, ó fọ́ ọ, ó sì kó o dà sínú irà tó wà lẹ́yìn itẹ́ òkú.

4.

Ṣùgbọ́n òfin ẹgbẹ́ ni pé ẹni tó bá tako ìdílé ẹlòmíràn, wọ́n á tún tiẹ̀ náà yẹ̀ wò. Ọ̀gbẹ́ni Harlan Doane, àgbà tó ń bá wọn tọpa ìdílé, ránṣẹ́ pe Marjorie àti Lorna pọ̀.

"Marjorie, má bínú," ni bàbá náà wí. "Baba ńlá ọkọ̀ kejì tó o fi ń yangàn, kì í ṣe tiyín. Orúkọ kan náà lẹ jọ ń jẹ́. Ìlú mìíràn ni tiyín ti wá, ó sì pẹ́ kó tó dé."

Marjorie dìde, ó fẹ́ jáde, ṣùgbọ́n bàbá náà dá a dúró.

"Fọkàn balẹ̀, mo rí èyí tó dáa jù ú lọ. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ, ọmọ John Sprague ni ọ́! Thankful míì wà, ìyàwó Caleb Nye. Òun ló bí ìyá ńlá Lorna, òun náà ló bí tìrẹ. Ohun tó kù ni ká fojú rí òkúta rẹ̀. Ìwé àtijọ́ sọ pé ẹ̀yìn ti ọmọ kékeré yẹn ló wà."

Lorna pariwo, ó dì mọ́ ọn. "Marjorie! Àṣé ẹbí ni wá látijọ́! Ó tán, mi ò bínú mọ́. Àwa méjèèjì la jọ máa gbé òdòdó."

Marjorie ní orí ń fọ́ òun. Lorna fà á lọ́wọ́, wọ́n jọ lọ.

Ihò tútù ni wọ́n bá, àti àfọ́kù kan tí orúkọ Caleb ṣì wà lára rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Doane kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ tú iyẹ̀pẹ̀. Lorna ò wo ilẹ̀. Ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń wò.

"Marjorie, níbo ni òkúta ìyá wa wà?"

Marjorie bú sẹ́kún, ó sì nawọ́ sí irà.

5.

Ọlọ́pàá wọ inú irà, wọn ò rí ju ìlàjì òkúta náà lọ, àmọ́ ó tó láti fi dá òdòdó padà fún Lorna. Ilé ẹjọ́ dá Marjorie lẹ́bi, ẹgbẹ́ lé e dànù títí ayé. Ìlara ò jẹ́ kó mọ̀ pé ohun tí òun ń wá ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ òun. Nígbà tí Ọjọ́ Atẹ̀dó pé, Lorna nìkan ló gbé òdòdó, ó ń sunkún lọ. Elliot ní kí ìyàwó òun jáde wá wò ó. Kò lè jáde.

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣọ́ra fún ìlara. Tí wọ́n bá gbé ẹnìkejì yín ga, ẹ bá a yọ̀. Ẹ má tìtorí pé ẹ fẹ́ gé gbòǹgbò ẹlòmíràn kẹ́ ẹ lọ gé ti ara yín. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn, torí àwọn àgbà ti wí i: ìkà gbàgbé àjọbí, adánilóró gbàgbé ọ̀la.