Páànù Irin Tí Odell Fi Yọ́ Òjé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Gbogbo ilé tí ọmọdé wà ni mo kọ ọ́ fún.

Àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà náà nìyí: Odell, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìwakùsà èédú, Hester, ìyàwó rẹ̀, Maxine, ọmọ wọn obìnrin, tó padà wálé lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú, àti Tansy, ọmọ Maxine, ọmọ ọdún mẹ́ta. Mo gbọ́dọ̀ ka páànù irin dúdú tí ìyá Hester fi sílẹ̀ fún un mọ́ wọn, torí ní Laurel Fork, abúlé wa, ẹbí ni irú páànù bẹ́ẹ̀.

1.
Odell kì í ra ọta ìbọn. Ó ń rọ ọ́ fúnra rẹ̀ bí bàbá rẹ̀ ti ṣe, ó sì ń fi yangàn. Bí wọ́n bá ń wó ilé àtijọ́ níbì kan, yóò ti débẹ̀ láàárọ̀ kùtù torí páìpù òjé. Àwọn òjé wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń so mọ́ rímù ọkọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pààrọ̀ táyà ló ti ń gbà wọ́n.

"Odell, o tún dé," ni ọ̀gá onítáyà máa ń wí. "Bí mo bá kú, jọ̀ọ́, má yọ eyín mi lọ."

"Ṣé òjé ni eyín ẹ ni? Fọkàn balẹ̀."

2.
Nígbà tó ku díẹ̀ kí ìgbà ọdẹ àgbọ̀nrín bẹ̀rẹ̀, ìkòkò tí Odell fi ń yọ́ òjé sán. Hester àti Maxine ti gbé ọmọ lọ kí ẹbí. Odell lè lọ ra ìkòkò mìíràn nígboro, ṣùgbọ́n ó wo ọ̀nà, ó wo yìnyín, ó sì wo páànù tó so kọ́ sára ògiri ilé ìdáná.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni," ó sọ fún ara rẹ̀.

Ó gbé e lọ sínú ahéré ẹ̀yìnkùlé. Òjé yọ́ nínú rẹ̀, ó ń dán bíi dígí. Nígbà tó rọ ọta rẹ̀ tán, ó ha páànù náà, ó fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ pa á, ó sì gbé e sínú iná títí tó fi dúdú mìnìjọ̀. Àwa kì í fi ọṣẹ fọ irú páànù bẹ́ẹ̀. Iná àti ọ̀rá ló ń tọ́jú rẹ̀, ohun tí ìyá Odell náà sì kọ́ ọ nìyẹn. Ó gbé e padà sórí ìṣó, ó sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Nígbà tí Hester dé, ó fọwọ́ pa páànù rẹ̀. "Ta ló tọ́jú èyí dáadáa báyìí?"

"Èmi ni."

"Ah-ah, ọkọ mi. O ṣì lè wúlò."

3.
Ní gbogbo ìgbà òtútù yẹn, inú páànù náà ni Hester ń yan búrẹ́dì àgbàdo. Ìdí búrẹ́dì náà tó gan lára páànù ni Tansy fẹ́ràn. Orí itan Odell ló máa ń jókòó sí, tí yóò máa jẹ ẹ́ pẹ̀lú wàrà kíkan, tí yóò sì máa pè é ní Papaw, ìyẹn bàbá àgbà.

Nígbà tó yá, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ọmọ náà. Ojú rẹ̀ funfun. Ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ìràwọ̀" kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà orúkọ ajá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó na ọwọ́ sí Odell, ó la ẹnu, kò sí ohun tó jáde.

"Pè mí, ọmọ mi. Ta ni mí?"

Ó kàn fà á lápá aṣọ ni.

4.
Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nílé ìwòsàn. Nígbà tí èsì jáde, nọ́ọ̀sì kan wá sílé. Ó wo ọ̀dà ara ògiri, ó wo páìpù omi.

"Òjé ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí, ó sì pọ̀, òun ló ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Níbo ló ti ń rí i?"

Maxine yíjú sí bàbá rẹ̀. "Bàbá, ṣé ẹ kì í mú òjé yín wọlé?"

"Inú ahéré ni mo ti ń ṣe é. N kì í mú un wọlé."

Òótọ́ ló rò pé òun ń sọ. Àmọ́ bó ti ń sọ ọ́, Hester gé búrẹ́dì fún àlejò, ó sì gé ìdí tó gan fún Tansy kó má baà sunkún. Odell rí páànù náà lórí tábìlì. Bó bá dákẹ́, ó lè gbé e sọnù lọ́la, kí ìyàwó rẹ̀ má mọ̀ láé ohun tó ṣe sí ogún ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì ti dé ètè ọmọ.

Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Hester, mo yọ́ òjé nínú rẹ̀."

"Nínú kí ni?"

Odell nawọ́ sí páànù náà.

"Páànù màmá mi," ni Hester wí, jẹ́jẹ́.

"Mo rò pé iná ti fọ̀ ọ́."

"Iná kì í lé òjé kúrò lára irin, bàbá," ni nọ́ọ̀sì wí.

5.
Hester fi épírọ́ọ̀nù wé páànù náà, ó gbé e mọ́ àyà bọ́ sí àgbàlá.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká kàn jù ú nù," ni Maxine wí.

"Ẹlòmíràn á ṣà á, á rò pé oríire ni." Ó na òòlù ńlá sí ọkọ rẹ̀. "Ìwọ lo máa fọ́ ọ."

Odell fọ́ ọ, ó sì kúnlẹ̀ sínú yìnyín, ó ń sunkún. Hester fà á dìde, ó gbọn yìnyín kúrò ní orúnkún rẹ̀.

"Wọlé. Ọmọ ń wá ẹ."

Wọ́n tọ́jú Tansy fún ìgbà pípẹ́. "Papaw" padà sẹ́nu rẹ̀ nígbà tí èso ìgbẹ́ ń pọ́n. Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn kò tètè padà, ìwé sì nira fún un títí tó fi dàgbà. Odell kò lọ ọdẹ mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà ló máa ń jókòó sí, tí wọ́n jọ ń pe lẹ́tà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń yọ́ òjé, ẹ má fi ohun tí ẹ fi ń se oúnjẹ yọ́ ọ, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ má wọ aṣọ tí ẹ fi ń yọ́ òjé gbé ọmọ. Bí ẹ bá sì ti ṣe é, ẹ sọ ọ́ lónìí, ẹ má dúró de nọ́ọ̀sì.

Ìwọ Josie, ọmọ Tansy, ọmọ ọmọ èmi Maxine: ìṣó náà ṣì wà lára ògiri. Má fi ohunkóhun kọ́ sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá fún ẹ ní páànù irin àtijọ́, kó o tó bi í pé ta ló ni ín, kọ́kọ́ bi í pé kí ni wọ́n ti yọ́ nínú rẹ̀ rí.