Ẹsẹ Bíbélì Kan Ṣoṣo Tí Teofil Kà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbede méjì o! Ẹ kà á tán, kí ẹ wá fi í ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó ń kọ́ èèyàn ní Bíbélì.

1.
Abúlé wa ní Bihor, ní Róméníà, ni Teofil ń gbé. Káfíńtà ni, ṣùgbọ́n ẹnu ni Ọlọ́run fi ta á lọ́rẹ. Tó bá gbàdúrà lásán, àwọn ìyá àgbà á ti máa nu ojú. Nígbà tí àjọ̀dún ìkórè ń bọ̀, Bàbá Iosif, pásítọ̀ wa, pè é.

"Teofil, ìwọ ni wàá kọ́ wa ní Bíbélì lọ́jọ́ ìkórè. Ìwé Jóòbù ni. Láàárọ̀ àti lọ́sàn-án."

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò mọ́ bàbá náà lọ́rùn. "Ẹ ṣé, Bàbá! Òkìkí rẹ̀ á kàn dé ìlú Oradea!"

"Òkìkí kọ́ ni mo rán ọ. Ka ìwé náà tán kí o tó yan ẹsẹ. Èèyàn púpọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀. Rí i pé o mọ ẹni tó ń sọ ọ́."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá!"

2.
Ẹ wá wo ìmúrasílẹ̀! Teofil ra kóòtù tuntun. Ó kéde ara rẹ̀ lórí Fesibúùkù. Ó dúró níwájú dígí, ó ń nawọ́ sókè, ó ń rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni pé ọmọ ń sùn, á tún bú jáde bí àrá. Bíbélì wà lórí tábìlì, kò ṣí i.

"Bàbá Estera," ni Rahela, ìyàwó rẹ̀, wí, "ṣé ẹ ti ka Jóòbù ọ̀hún?"

"Ta ni ò mọ ìtàn Jóòbù? Ó jìyà, ó fara dà á, ó tún lówó. Kí ló kù?"

"Ó ku ohun tó wà láàárín. Ẹ jẹ́ ká jọ máa kà á tá a bá ti jẹun tán."

"Rahela! Ṣé ẹja lo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́?"

Rahela rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ náà dùn. Nígbà tó ku ọ̀la, Teofil ṣí ìwé náà gbàgà, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí ẹsẹ kan: ta ló ṣègbé rí tí kò ṣẹ̀?

"Mo ti rí i! Mo ti rí i!" Ó ń fò sókè nínú pálọ̀. Kò wo ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà. Ó pa ìwé dé.

3.
Ọjọ́ ìkórè! Ṣọ́ọ̀ṣì kún dẹ́nu ọ̀nà! Elégédé, ápù àti èso àjàrà kún iwájú pẹpẹ, àwọn olórin ń ta máńdólíìnì, òórùn sarmale, ẹran lílọ̀ tí wọ́n fi ewé kábéèjì wé, ń ti ilé ìdáná wọlé wá bá wa.

Leontina náà wá. Opó ni. Sami, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ni igi wó pa nínú igbó nígbà òtútù tó kọjá, láti ìgbà náà kò sì fẹsẹ̀ tẹ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Rahela ló bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà. Ẹ̀gbẹ́ Rahela ló jókòó sí.

Teofil dìde. "Ẹ̀yin ará! Ọlọ́run wí nínú ìwé Jóòbù pé, ta ló ṣègbé rí tí kò ṣẹ̀? Bí àjálù bá wọ ilé rẹ, yẹ ara rẹ wò!"

"Àmín!" Òrùlé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí.

Leontina di ọwọ́ Rahela mú. "Ṣé èmi ni Ọlọ́run ń bá wí?"

Kí Rahela tó la ẹnu, Leontina ti dìde, ó ti jáde. Teofil rí i. Ó rò pé ọ̀rọ̀ òun ló wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara, ó bá tún pariwo ẹsẹ náà.

4.
Lẹ́yìn oúnjẹ, ara ṣì ń yá gbogbo wa. "Brọ́dà Teofil, ẹ ka ìparí ìwé náà fún wa!"

Ó ṣí orí tó kẹ́yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn gooro kà á. Ó kà á dé ibi tí Ọlọ́run ti bá Élífásì, ọ̀rẹ́ Jóòbù, wí: pé ìbínú Òun ru sí i, nítorí Élífásì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò sọ òtítọ́ nípa Òun bí Jóòbù ti sọ ọ́.

Ohùn Teofil já. Ó yára ṣí ìwé padà sẹ́yìn, ó ń wá ẹsẹ àárọ̀.

Bàbá Iosif béèrè jẹ́jẹ́: "Teofil, ta ló sọ ẹsẹ àárọ̀ yẹn?"

"Élífásì ni, Bàbá."

"Ta lo sọ fún wa pé ó sọ ọ́?"

"Ọlọ́run."



5.
Teofil sáré dé ilé Leontina tòun ti kóòtù tuntun. "Màmá Sami, ẹ ṣílẹ̀kùn! Irọ́ ni mo pa mọ́ Ọlọ́run!"

Leontina ṣílẹ̀kùn. Àwòrán Sami wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Láti àárọ̀ ni mo ti ń wá ẹ̀ṣẹ̀ yẹn. Mo ti ronú padà dé ìgbà ọmọdé mi. Èwo ni, Teofil? Èwo nínú wọn ló pa ọmọ mi?"

Teofil wólẹ̀. Ó ka ìparí ìwé náà fún un, ó ní Élífásì ló sọ ẹsẹ àárọ̀, kì í ṣe Ọlọ́run. Leontina gbọ́ ọ tán.

"Mo dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá dijú, ti àárọ̀ ni mò ń gbọ́."

Kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀, Leontina ti kó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ítálì. A gbọ́ pé kò tún fẹ́ gbọ́ orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ẹni tó ní kí Teofil kọ́ni mọ́, òun náà ò sì béèrè.

Ní báyìí, òun àti Rahela jọ ń ka Jóòbù. Nígbà mìíràn á fò dìde bí ẹni rí wúrà: "Rahela, wò ó! Jóòbù ń bá Ọlọ́run jiyàn, Ọlọ́run ò sì lé e! Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí Màmá Sami gbọ́ nìyí!" Á wá rọra jókòó padà.

Ìwọ tó ń kà mí, tí wọ́n bá ní kí o wá kọ́ni ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, jẹ́ kí inú rẹ dùn, ṣùgbọ́n jókòó ti ìwé kí o tó dúró níwájú èèyàn. O ò mọ ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ ò tíì jinná láàárín àwọn tó ń gbọ́ ọ. Má fi ẹnu Ọlọ́run sọ ohun tí Ọlọ́run ò sọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.