Àìsàn Inú Ilé

Ikùn Sìdíkátù ń wú, bí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì tó ti kú.

Dókítà tó ń wá oògùn àìsàn náà tún padà dé sí abúlé wọn, Daagbé.

Bàṣírù, bàbá ọmọ náà, gbé àga fún un tọ̀yàyà-tọ̀yàyà.

"Ìyá yín dà, camarade? Ẹ̀jẹ̀ wọn ló kù kí n yẹ̀ wò." Dókítà ló bi í; camarade ni ìjọba ológun ní kí oníkálukú máa pe ẹnìkejì rẹ̀.

Bàṣírù wo ẹní ìyá rẹ̀ tó wà ní kíká lẹ́bàá ògiri.

"Mo ti pe sójà. Wọ́n ti mú ìyá lọ."

"Kí ni ìyá ṣe?"

"Àjẹ́ ni wọ́n, ìjọba sì ní ká máa fa àjẹ́ lé sójà lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́, dókítà. Ẹ ní inú ilé wa ni àìsàn yìí ti wá."

Dókítà gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ ni mo ń wí, camarade. Tiyín àti ti ìyàwó yín."