Kẹ̀kẹ́ Tó Ń Wá Síṣẹ́ Lójoojúmọ́

Ilé iṣẹ́ gàrí kan l'Éjìgbò ń ta kẹ̀kẹ́ fáwọn òṣìṣẹ́ ní ẹ̀dínwó. Kẹ̀kẹ́ tí kò bá wá síṣẹ́ lójoojúmọ́, wọ́n á gbà á padà.

Olújídé, ọlọ́dẹ tuntun tó ń kọ orúkọ àwọn tó bá dé lẹ́nu ọ̀nà, rí bàbá arúgbó kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti Másífà.

Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ṣé kẹ̀kẹ́ ń ṣàìsàn ni, tẹ́ ẹ fi ń fà á lọ́wọ́?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n gùn, ọmọ mi."

"Háà! Ẹ gbé e fẹ́ni tó mọ̀ ọ́n gùn, ẹ jàre!"

Bàbá di kẹ̀kẹ́ mú gírígírí.

"Ràshídátù ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ níbí ló rà á, kó má baà gun ọ̀kadà mọ́. Ọ̀kadà ló pa á, ó ku ọ̀la kí wọ́n kó kẹ̀kẹ́ dé. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ mi."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Olújídé.

Ó ṣí ìwé, ó kọ ọ́ síbẹ̀: "Ràshídátù ti dé."