Ìyá Ágọ́sítínì, Ẹ Gba Ọmọ Mi

Obìnrin agbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ń fi àkísà tútù ha ère Mónikà Mímọ́ lójú bí ẹni ń fọ ìdí ìkòkò.

"Ẹ rọra o," aránṣọ tó ń tún aṣọ pẹpẹ ṣe pè é. "Ọ̀dà imú wọn ti ń bó."

"Kó bó! Ẹ̀yin lẹ rí Àǹtóní Mímọ́ mú, tó ń bá yín wá abẹ́rẹ́ tó bá sọnù. Èmi mú abiyamọ bíi tèmi, ẹni tó sunkún títí Ágọ́sítínì ọmọ wọn fi yíwà padà. Mo ní wọ́n á mọ ẹ̀dùn mi. Ọmọ mi kan ṣoṣo, ọtí ti fẹ́ẹ̀ pa á. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má gbé òkú rẹ̀ wá bá mi." Ó kọjú sí ère. "Ìyá Ágọ́sítínì, mo ní kẹ́ ẹ gba ọmọ mi! Àbí etí yín di ni?"

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọmọ náà wọlé, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, kò rùn fún ọtí rárá.

"Màmá, mo ti fi ọtí sílẹ̀. Wọ́n sì ti gbà mí."

Ìyá rẹ̀ fò sókè. "Ọlọ́run ṣeun! Iléeṣẹ́ wo nìyẹn?"

"Àwọn bùrọ́dà orí òkè ni, àwọn tó ń gbàdúrà tọ̀sán-tòru. Ẹni tó bá wọ ọ̀dọ̀ wọn kì í padà sílé mọ́. Ọ̀la ni mò ń lọ."

"Ẹ kú oríire o!" aránṣọ pariwo.

Ìyá tún kọjú sí ère. Ó di ère náà mú léjìká méjèèjì.

"Ẹ gbà á là ni mo ní," ó ké mọ́ ọn, "n ò ní kẹ́ ẹ gbà á lọ́wọ́ mi."