Ẹyọ Kan Ló Kù

Láàárọ̀ ìmọ́tótó àyíká, tí ìgboro Ìkirè dá páropáro, Fadérera ti ara rẹ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ó ń ṣètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa ránṣẹ́ ra ọjà fúnra rẹ̀ bí ọjà bá fẹ́ tán. Ó tẹ orúkọ ọṣẹ sínú rẹ̀, ó tẹ ti ṣúgà. Ohun tí kò tẹ̀ yọ lójú kọ̀ǹpútà: “Fadérera. Ẹyọ kan ló kù.”

Ó pa á rẹ́. Ó tún yọ.

Bàtà ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn pẹpẹ. Ohùn obìnrin kan ní, “Ẹ bá mi di ẹyọ tó kù yẹn.”

Fadérera dìde.

“Ìyá mi ò bí mi fún títà! Ẹ jáde!”

Sálúbàtà méjì wọ́ kọjá níwájú rẹ̀ jáde, kò sí ẹsẹ̀ nínú wọn.

Fadérera jókòó, ó pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, kò yọ mọ́, ó tẹ mílíìkì.