Ẹni Tí Bàbá Láoyè Kí

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n sin Bàbá Láoyè, tí wọ́n fi ọgbọ̀n ọdún ṣètò orin àtijọ́ lórí rédíò, ni Fadérera jókòó sórí àga wọn láti bá àwọn olólùfẹ́ wọn dárò. Ilẹ̀ ti ṣú, òun nìkan ló sì wà nínú yàrá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ náà.

Ẹni àkọ́kọ́ tó pè sórí fóònù sunkún títí. Ẹnì kejì ní, "Ẹ kú àmúmọ́ra o, ẹ̀yin méjèèjì." Fadérera rò pé ahọ́n ló yọ̀. Ìgbà tó kan ẹnì kẹta, ó béèrè pé, "Àǹtí, ta ló ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín?"

 Fadérera wẹ̀yìn, kò rí ẹnì kan. Ó yára fi orin sí i.

Bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó Bàbá Láoyè pè. 

"Fadérera, Bàbá ni mò ń gbọ́ lórí rédíò yìí. Wọ́n ń kí àwọn ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Màmá, orin ló ń lọ o."

"Kì í ṣe orin! Àbúrò mi ni wọ́n kọ́kọ́ kí. Bí wọ́n ṣe kí i tán, orí àga tó jókòó sí ló kú sí. Jọ̀ọ́, pa ẹ̀rọ yẹn!"

Fadérera pa gbogbo rẹ̀. Iná kú, orin dákẹ́, fóònù náà dákẹ́. Nínú ẹ̀rọ ìgbọ́hùn tó fi bo etí, ẹnì kan rọra wúkọ́.

"O kú iṣẹ́ o, Fadérera ọmọ mi."